Aṣọ Tí Tinúkẹ́ Kò Gé

Ní àdúgbò Wedding, ní ìlú Berlin, ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ U6 tí kò ju yàrá kan àti ààbọ̀ lọ. Tinúkẹ́ ló ni ín. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe níbẹ̀, ó sì ní òfin kan tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ̀. Kò ní ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ ẹnikẹ́ni títí olúwarẹ̀ yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́, tí òun náà yóò tún un sọ fún un, tí onítọ̀hún yóò sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ ní ọrùn tó fẹ̀, apá tó dé ìgbọ̀nwọ́, síìpù lẹ́yìn. Àbí?”

Bí wọn ò bá tíì dáhùn, aṣọ á wà níbi tó wà. Àwọn kan máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìbúra kóòtù ni Tinúkẹ́ ń gbà, kì í ṣe aṣọ. Kò dà á láàmú. Ní gbogbo ọdún tó ti ń rán aṣọ, kò sí ẹni tó lè sọ pé ó ba aṣọ òun jẹ́.

Lórí ìkọ́ tó kẹ́yìn, ní igun ṣọ́ọ̀bù, àǹkárá aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tí kò tíì gé. Àánúolúwapọ̀ ló ni ín. Ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọbìnrin náà gbé e wá láti Hamburg nígbà kan tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ Tinúkẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí, mi ò tíì mọ irú ọrùn tí mo fẹ́ o. Màá pè yín.” Ìgbà tó pe Tinúkẹ́ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́ ló bá dé.

Ọmọ ogún ọdún ni Àánúolúwapọ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tó dé ilẹ̀ Jámánì. Inú ilé Màmá Ọlátúnjí ló ń gbé ní St. Georg, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ti Hamburg, ó sì ń bá wọn dirun ní ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní òpópónà kejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Màmá Ọlátúnjí. Gbogbo Yorùbá tó wà ní Hamburg ló mọ màmá yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, ó sì gbọ́ èdè Jámánì dénú, nítorí náà òun ni ọsibítù, ọ́fíìsì ìjọba àti ilé ẹjọ́ máa ń pè bí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan bá dé iwájú wọn. Òun ló gba Tinúkẹ́ sílé nígbà tí Tinúkẹ́ kọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ tí Tinúkẹ́ bí Fọláwùmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tí àwọn dókítà ń sáré, Màmá Ọlátúnjí ló dúró ti orí rẹ̀ tó ń gbufọ̀, tó sì ń gbàdúrà láàárín gbólóhùn kan sí ìkejì. Tinúkẹ́ kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Dókítà sọ lọ́jọ́ náà pé oyún mìíràn lè pa á. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, oyún dé láìròtẹ́lẹ̀. Tinúkẹ́ ò sọ fún Màmá Ọlátúnjí. Ibi ìmọ̀ràn kékeré kan fún àwọn aboyún ní Hamburg ni wọ́n júwe fún un, níbi tí obìnrin Jámánì kan tó ń jẹ́ Leonie ti ń ṣiṣẹ́. Leonie bá a sọ̀rọ̀, ó ní kó lọ rò ó dáadáa gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Nígbà tó rò ó tán, dókítà bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, wọ́n sì fi oògùn ìṣẹ́yún ránṣẹ́ sí i. Inú yàrá ara rẹ̀ ló ti lò ó. Inú rẹ̀ run ún, ó sunkún, ó sùn, ó sì jí. Oògùn náà kò ṣeé lò àfi bí oyún bá ṣì kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí kò fi sí àyè kéèyàn máa fòní dónìí fọ̀la dọ́la.

Ohun tó mú ibi ìmọ̀ràn yẹn yàtọ̀ ni pé wọn kì í pe Màmá Ọlátúnjí. Ẹnì kan tó wà ní ìlú mìíràn, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ló ń bá wọn gbufọ̀ lórí tẹlifóònù.

Nígbà tí Àánúolúwapọ̀ pe Tinúkẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti inú ilé ìwẹ̀ pé òun ti lóyún, ibẹ̀ náà ni Tinúkẹ́ júwe fún un. Ọmọ náà lọ. Ṣùgbọ́n owó tí ìpínlẹ̀ fi ń ran ibi ìmọ̀ràn náà lọ́wọ́ ti fẹ́ tán, àwọn aṣòfin ò sì tíì sọ bóyá wọ́n máa fi kún un, ìdí nìyẹn tí Leonie fi dín àwọn tó ń gbà kù. Wọ́n ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Tinúkẹ́ ní kó lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn. Ó lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá pàdé níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i dáadáa, ó ní kó má mikàn, àwọn máa pe ògbufọ̀ Yorùbá tó mọṣẹ́. Àánúolúwapọ̀ mọ ògbufọ̀ wo ni. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń dúró lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló ti ra oògùn. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí dòní. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá Ọlátúnjí sọ fún gbogbo ayé pé ìfun ló bẹ́ nínú rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ di pósí ọmọ àbúrò rẹ̀ sínú ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà nínú Tinúkẹ́ nígbà tí Leonie pè é pé ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Hamburg fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó ti lo oògùn náà rí, kí wọ́n tó pinnu bóyá owó náà á máa bọ̀ tàbí kò ní bọ̀ mọ́. Leonie ní, “Kò pọn dandan o. Bẹ́ ẹ bá sọ pé rárá, ọ̀rẹ́ ni wá síbẹ̀.”

Tinúkẹ́ wo àǹkárá aláwọ̀ ewé. Ó ní òun ń bọ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Akínwọlé ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tempelhof, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rẹ́ náà sì níyàwó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Folúkẹ́ ti wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà pàtàkì ni Folúkẹ́. Òun ló ń gbé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn wá lódindi. Kò jókòó.

“Àǹtí Tinú, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n lẹ ti di aṣòfin.”

“Folúkẹ́, ìwọ nìyẹn. Jókòó. Wọ́n kàn ní kí n wá sọ̀rọ̀ ni.”

“Ọ̀rọ̀ wo? Ẹ kúkú sọ ọ́ ká gbọ́. Àbí ẹnu yín ò gbà á níwájú àwa, iwájú òyìnbó ló ti máa gbà á?” Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e wọlé. “Ẹ jẹ́ kí n gba aṣọ wa. Mo mọ̀ pẹ́ ò tíì gé e.”

“Mi ò tíì gé e. Ẹ ò tíì dáhùn nípa apá rẹ̀.”

“Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ gígé báyìí, ẹ má fi tiwa dánra wò.”

Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Tinúkẹ́ ká aṣọ náà jọ, ó fi ìwé tó mọ́ wé e, ó sì fi okùn dì í bó ṣe máa ń dì í fún gbogbo èèyàn. Ó ní, “Ó pé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.” Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba tiwọn, wọn ò tilẹ̀ bú u. Wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n àwọn kan ti fẹ́ bá àwọn rán an. Nígbà tí oṣù yẹn fi máa parí, ìkọ́ tó ń dá dúró lára ògiri ti pọ̀ ju èyí tí aṣọ wà lára rẹ̀ lọ.

Akínwọlé jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti àwo sẹ́yìn.

“Mọ́mì Fọlá, mi ò ní kó o má lọ.”

“Ẹ ṣé.”

“Ṣùgbọ́n bó o bá débẹ̀, má dárúkọ mi. Ní ibi iṣẹ́, ọkọ apààyàn ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọ wa náà ni o, kì í ṣe òyìnbó. Wọ́n ní, ‘Ọkọ apààyàn, gbé ẹrù yẹn síbí.’”

“Kí lẹ wá sọ fún wọn?”

“Kí ni kí n sọ? Mo gbé ẹrù náà síbẹ̀.”

Tinúkẹ́ dìde, ó kó àwo. Ọkùnrin yìí kan náà ló jókòó sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó lo oògùn, tó ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn, tó ń sọ pé, “Má kú o, má fi ọmọ sílẹ̀ fún mi.” Ó rò ó pé bóyá òun máa rán an létí. Kò rán an létí.

Lọ́jọ́ kejì ni Màmá Ọlátúnjí pè.

“Tinúkẹ́.”

“Mà. Ẹ káàárọ̀, mà. Ilé ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n Ọlátúnjí ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Mo gbọ́ pó o fẹ́ wá bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀.”

Tinúkẹ́ ti ń wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n màmá náà ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

“Mi ò bínú. Kí ni mo fẹ́ máa bínú sí? Ohun tó bá wà nínú èèyàn, kó sọ ọ́. Wọ́n ń wá ẹni tó máa gbufọ̀, mo sì ti forúkọ mi sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí àlejò kan wá máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ ẹ lẹ́nu ni? Èmi tí mo gbufọ̀ fún ẹ nígbà tó ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an ni.”

“O ò ní kọ̀ mí?”

“Háà! Kí n kọ̀ yín, mà? Ta ni mí?”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Leonie pè, ó béèrè bó ṣe tọ́ kó béèrè. Ó ní obìnrin àgbàlagbà kan ti forúkọ sílẹ̀ láti gbufọ̀, ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn, ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ló ni ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí kó ní rárá. “Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé ara yín balẹ̀ sí i?”

Leonie ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá Àánúolúwapọ̀ ni. Tinúkẹ́ lè sọ ọ́. Ó ti la ẹnu tán. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún òyìnbó pé òun ò fẹ́ ìyá tó gba òun sílé? Ọ̀nà wo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa gbà tí kò ní dé etí ìyá náà? Ó tún rò ó pé nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Hamburg, màmá yìí ni ikú ọmọ náà dùn jù. Bóyá òun gan-an ló fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, tí kò kàn lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ó dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáa.” Ẹni tó máa ń gba bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu oníbàárà kó tó gé aṣọ fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Òun àti Fọláwùmí ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Fọláwùmí. Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹní gbọ́ òjò lórí páànù, kò sí ohun tó ń kọjá etí rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Jámánì ló fi ń dáhùn. Bí ìyá rẹ̀ bá ní, “Fọlá, bá mi gbé omi,” ó máa gbé omi, Jámánì ló sì máa fi sọ pé omi rèé. Ó mọ̀ pé ìyá òun fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ nípa Àǹtí Àánú tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà nígbà ìsinmi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Tinúkẹ́ rò pé òun máa sọ ọ́ fún un nínú ọkọ̀. Wọ́n dé Hamburg, kò tíì sọ ọ́.

Màmá Ọlátúnjí pàdé wọn ní ibùdókọ̀. Ó mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní St. Georg, ó fún wọn ní ìrẹsì àti ẹja díndín. Ó fi ọwọ́ pa orí Fọláwùmí, ó ní, “Wo bó ṣe ga! Ìwọ tí mo kọ́kọ́ gbé ṣáájú ìyá ẹ.” Tinúkẹ́ jẹun tọkàntọkàn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún un ní oúnjẹ láìwò ó tìkà tẹ̀gbin.

Yàrá ìgbìmọ̀ náà mọ́ tónítóní. Àwọn aṣòfin jókòó yí tábìlì gígùn ká, ife omi wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Alága wọn, ọkùnrin kan tó wọ awò, kí olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní àyè ò gùn fún ẹnikẹ́ni, ó sì ní àwọn tó wá wòran lè jókòó lẹ́yìn ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni Fọláwùmí àti Leonie jókòó sí.

Tinúkẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà kò kólòlò.

“Orúkọ mi ni Tinúkẹ́. Aránṣọ ni mí. Nígbà tí mo bí ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára mi. Dókítà ní bí mo bá tún lóyún, mo lè kú. Mo tún lóyún. Ibi ìmọ̀ràn tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló ràn mí lọ́wọ́. Wọn ò tì mí. Wọ́n ní kí n rò ó, mo rò ó, wọ́n sì fún mi ní oògùn tó dáa, mo lò ó nílé ara mi, mo sì wà láàyè lónìí níwájú yín. Mi ò kábàámọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí kò rí oògùn yẹn gbà, torí pé owó tí ẹ̀ ń fún wọn ti ń tán, wọ́n sì ti dín èèyàn kù. Ó lọ ra ti ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Àánúolúwapọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó ti kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn yẹn.”

Màmá Ọlátúnjí fi ẹnu kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn rẹ̀ tutù, èdè Jámánì rẹ̀ sì dán. Tinúkẹ́ kò gbọ́ Jámánì àwọn ọ̀mọ̀wé, ti ọjà àti ti ọkọ̀ ló gbọ́, ṣùgbọ́n ó mọ bí aṣọ ṣe ń gùn tó. Ohun tó gbà á ní ìṣẹ́jú púpọ̀, màmá parí rẹ̀ kí ó tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́ “àìsàn.” Ó gbọ́ “oògùn.” Kò gbọ́ orúkọ Àánúolúwapọ̀, orúkọ tí kò sí èdè tó lè yí i padà.

Fọláwùmí ti dìde lẹ́yìn. Ó ń fi Jámánì pariwo. Alága ní kó jókòó. Kò jókòó. Alága ní kí wọ́n mú un jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Kí ló ń sọ?” Tinúkẹ́ béèrè.

“Ó ń bú mi,” Màmá Ọlátúnjí dáhùn. “Ọmọ tó o bí.”

Ẹnu ọ̀nà ni Fọláwùmí ti yíjú padà. Yorùbá tí kò sọ láti kékeré ló tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀: “Mọ́mì! Irọ́ ni wọ́n ń pa! Wọ́n ní ẹ ṣàìsàn. Wọ́n ní ẹ lo oògùn, ẹ wá kábàámọ̀. Wọ́n ní ẹ wá kìlọ̀ fún àwọn obìnrin. Wọn ò dárúkọ Àǹtí Àánú, wọn ò dárúkọ wọn rárá!”

Ilẹ̀kùn pa dé.

Tinúkẹ́ yíjú sí ìyá tó jókòó tì í. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ tún ohun tí mo sọ sọ fún mi. Ohun tí mo sọ gan-an.”

Màmá Ọlátúnjí gbé ẹnu kúrò lára ẹ̀rọ. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nítorí àwọn aṣòfin. “Ta ló gbà ẹ́ sílé, Tinúkẹ́? Ta ló dúró tì ẹ́ nígbà tó ò ń kú lọ? Ó wá yá, o fẹ́ tú aṣọ lára òkú ọmọ mi níwájú òyìnbó. Bàbá rẹ̀ gbà pé ìfun ló pa á. Ìyá rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Bó o bá dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, o ò ní èèyàn mọ́ ní ilẹ̀ Jámánì yìí. Bó o bá kú síbí, wọ́n á sin ẹ́ bí ajá tí kò lólówó.”

Àwọn aṣòfin ń retí. Wọ́n rò pé àwọn méjèèjì ń fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ni.

Tinúkẹ́ fa ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Jámánì tó fi ń ra bọ́tìnnì àti òwú ló lò, nítorí kò ní òmíràn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tó wà lórí àtẹ. “Ọmọbìnrin. Ogún ọdún. Orúkọ: Àánúolúwapọ̀. Oògùn dókítà: kò sí. Oògùn ẹ̀yìn ibùdókọ̀: ó wà. Ó kú. Èmi: oògùn dókítà. Èmi kò kú. Èmi kò kábàámọ̀.” Ó nàka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Màmá yìí: ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.”

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Aṣòfin obìnrin kan tó wọ kóòtù pupa tẹ ara síwájú, ó sì bi Màmá Ọlátúnjí pẹ̀lú sùúrù pé ṣé lóòótọ́ ni, ṣé ó mọ ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Màmá Ọlátúnjí tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ kúrú, Tinúkẹ́ kò sì nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ ọ. Ó ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ tó di pósí ọmọ náà ló kó jọ sórí tábìlì.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sí Berlin, Fọláwùmí mú fóònù rẹ̀ jáde. Leonie ti sọ fún wọn pé ìgbìmọ̀ gbà kí Tinúkẹ́ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́ lákọsílẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀. “Ẹ sọ ọ́, Mọ́mì,” ó ní, ní Yorùbá. “Ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.”

Tinúkẹ́ sọ gbólóhùn kan, ọmọ náà yí i sí Jámánì, ó tún un sọ ní Yorùbá, ó dúró de bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kó tó kọ ọ́. Ọmọ náà ti gbọ́ ọ nínú yàrá ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n báyìí ló ṣe wá yé e dénú pé ìbí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá òun. Báyìí náà ló ṣe yé e pé àbúrò kan wà tí kò dé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí fóònù.

“Ẹ ní oyún yẹn máa pa yín,” ó ní. “Àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ ní ẹ ò kábàámọ̀. Àbí?”

Tinúkẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Fọláwùmí kọ ọ́.

Èsì ìgbìmọ̀ ò pẹ́ dé. Leonie ló kà á fún wọn. Wọ́n gba ohun tí Tinúkẹ́ sọ nípa ara rẹ̀. Ní ti ọmọbìnrin tó kú, ògbufọ̀ ní òun ò mọ̀ ọ́n, ọsibítù ò sì lè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ìdílé gbà. Wọn ò lè gbé ìpinnu lé ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé ò jẹ́rìí sí. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Wọ́n máa jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n títí dìgbà náà, owó ò ní wọlé. Leonie ti ilẹ̀kùn ibi ìmọ̀ràn. Ó ní àwọn obìnrin ṣì ń pe tẹlifóònù náà, òun sì ń gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí òun wá kó ẹrù òun.

Ní Wedding, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Àwọn ará Turkey àti Jámánì díẹ̀ ló kù tó ń gbé ṣòkòtò wá fún gígé kúrú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọlátúnjí, ọmọ Màmá Ọlátúnjí, wọlé. Ọkùnrin tó ti tó ogójì ọdún ni, ó máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé fún àwọn èèyàn, èèyàn pẹ̀lẹ́ sì ni. Fọláwùmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń yọ òwú.

“Àǹtí, ẹ kú ọ̀sán. Màmá ní kí n wá gba aṣọ kan. Àǹkárá aláwọ̀ ewé. Ẹrù ìdílé wa ni, wọ́n ní kò yẹ kó máa kọ́ sí ibí.”

Tinúkẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ìkọ́, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó gbé ọwọ́ lé e.

“Ta ló ni ín?”

“Àǹtí…”

“Ẹ mọ òfin ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá wá gba aṣọ ẹlòmíràn náà gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó gbé e wá. Ta ló ni ín?”

Ọlátúnjí bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì gbé ohùn náà síta.

“Màmá, Àǹtí ní àfi tẹ́ ẹ bá sọ ẹni tó ni aṣọ náà.”

Wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó padà fún ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Hamburg.

“Ti ọmọ àbúrò mi ni,” Màmá Ọlátúnjí sọ.

“Ẹ káàsán, mà,” Tinúkẹ́ ní. “Kí lorúkọ ọmọ àbúrò yín, mà?”

Wọ́n gbọ́ ohùn kan tí kò jọ ti àgbàlagbà rárá, kí màmá tó gé fóònù.

Ọlátúnjí dúró, ó ń wo aṣọ náà. “Àánú,” ó ní. “Àánúolúwapọ̀ ni. Èmi ni mo gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Mo mọ ohun tó pa á, Àǹtí. Gbogbo wa la mọ̀.”

“Ṣé ẹ máa wá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ni. Ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní títì.”

Ó fi ọwọ́ nu ojú.

“Màmá mi ni, Àǹtí,” ó ní. “Màmá mi ni.”

Ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n rí i lójú fèrèsé bó ṣe ń gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ, tó ń yára.

Tinúkẹ́ ká àǹkárá náà, ó fi ìwé tó mọ́ wé e, ó dì í ní okùn. Kò gbé e padà sórí ìkọ́. Inú báàgì tó máa gbé lọ sí Hamburg lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá tún jókòó ló fi í sí.

“Fọlá,” ó ní, “mú fóònù ẹ. Kọ ọ́ kún ọ̀rọ̀ wa fún ìgbìmọ̀ pé ìdílé Àánú wá gba aṣọ rẹ̀.”